Ọjọ́ Tí Mo Fi Gángan Bú Èrò

Omi inú ọ̀rá, píọ̀ wọ́tà tí gbogbo wa ń mu, 50cl ni. Ẹni tó ń mu ún kì í mọ̀ pé ó wúwo. Ìdajì kílò ni, bó bá sì ń fò bọ̀ láti ààrin èrò lóru, o ò ní rí i títí yóò fi dé ara rẹ. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ lù mí, ojú awọ ìlù mi ló bà. Ó bẹ́, omi ṣàn gba ara ọsán, gángan tó ti ń sọ̀rọ̀ lábíyá mi láti nǹkan bíi wákàtí méjì wá ń dún "bù, bù" bí ẹni ń lu pákó. Èkejì bà mí léjìká. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò kà mọ́.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ọmọdé tó ń dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀ lóde ìsinsìnyí. Wọ́n máa ń bi mí nípa orin, nípa awọ, nípa bí wọ́n ṣe ń kì olówó kó lè tú àpò. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé, "Bọ̀dá, bí wọ́n bá wá ń sọ òkò ńkọ́?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti lé mi kúrò lórí ìtàgé. Mo sọ méjì nínú rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ẹ̀kẹta ṣojú òun fúnra rẹ̀.

Oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà, mo ń lu gángan nínú ẹgbẹ́ jùjú kan n'Ìbàdàn, àwa mọ́kànlá. Ọkùnrin kan gbé iṣẹ́ wá fún ọ̀gá wa. Ó ní òun ń gbé olórin ńlá kan bọ̀ láti Èkó, pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lòun máa lò, àwa la máa kọ́kọ́ mú agbo gbóná fún ogójì ìṣẹ́jú kí àlejò tó gun ìtàgé. Pósítà kún Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ pé kò ní yẹ̀.

Ọ̀gá wa gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà, wọ́n ní ìyókù di ẹ̀yìn eré. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó gbà á. Ó yẹ kí ẹnìkan sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn èmi ni pé wọ́n ṣèlérí láti kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí abẹ́ orúkọ ìràwọ̀ náà lórí pósítà. Wọn ò kọ ọ́ o.

Aago méjì ọ̀sán la débẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ò tíì dé, sípíkà ò tíì dé, àwọn ẹlẹ́ran súyà ti dé. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, èrò ti ń wọlé, wọ́n sì ń wò wá bí a ṣe jókòó sórí àpótí ìlù wa bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Sípíkà dé ní aago méje ààbọ̀. A bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́jọ. Ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lọ bó ṣe yẹ kó lọ.

Nígbà tí a fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni ọkùnrin tó ṣètò náà sáré wá bá ọ̀gá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Ọyẹ́ ń fẹ́, òun ń làágùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti dé Ògèrè." Ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni Ògèrè wà. MC gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e sínú máìkì: "Ìràwọ̀ wa ti dé Ògèrè o!" Pápá hó yèè. A tún mú ìlù. Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, MC padà wá, ó ní wọ́n ti kọjá Ògèrè. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ti ń wo ilé Gúrù Mahárájì lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tó yá, wọ́n ti dé Tollgate, ẹnu ọ̀nà Ìbàdàn. Ọmọ Ìbàdàn wo ni kò mọ bí Ògèrè ṣe jìnnà sí Tollgate? Dáńfó tí táyà rẹ̀ bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ì bá ti dé. Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn: "Ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló ń gùn bọ̀ ni?" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín lórí ìtàgé.

Ìgbà tí a gbọ́ ẹ̀rín yẹn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ̀rín tí èrò bá ń bá ọ rín, ojú rẹ ni wọ́n ń wò. Bó bá di pé ojú ara wọn ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń di ọ̀kan, ìwọ ò sì sí nínú wọn. Àmì mìíràn ni ìpàtẹ́wọ́. Ìpàtẹ́wọ́ ẹni tó ń gbádùn máa ń tẹ̀lé ìlù ni, àmọ́ ti ẹni tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń ṣáájú ìlù, yóò máa yára, yóò máa lé onílù bọ̀ kó lè ṣìnà. Ẹ tún máa wo àwọn obìnrin tó gbọ́mọ wá. Wọ́n á kọ́kọ́ so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á fà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó kéré tán, ẹ ṣì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ni mo rí, mi ò sì ka ìkankan sí.

Orin tí a mọ̀ dáadáa kò ju wákàtí kan lọ. A kọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, à ń yí orúkọ ẹni tí à ń kì padà. Lẹ́ẹ̀kẹta ni àwọn ọmọkùnrin kan lápá òsì gba orin náà lẹ́nu wa, wọ́n fi orúkọ Ògèrè sí i. Èèpo ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ṣúkù àgbàdo tẹ̀lé e. Ọ̀gá wa ń sọ pé ẹ ṣe sùúrù, ẹ ṣe sùúrù, ohùn rẹ̀ ti há. Inú mi ru. Láti aago méjì ni mo ti wà níbẹ̀, mi ò tíì fi nǹkan kan nu ẹnu, kí ni mo sì fi ṣe wọ́n?

Mo tẹ ọsán mọ́ ìhà, mo gbé kọ̀ǹgọ́ sókè, mo ní:

Ebi ló ń pa yín, kì í ṣorin.

Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwa onílù ní ìwà ojo kan tí a kì í sábà sọ síta. Ohùn ni ìlù ní, kò ní ètè, ohùn kan náà sì lè gbé ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta. Torí náà a máa ń fi ìlù sọ ohun tí ẹnu wa kò tó láti sọ. Bí wọ́n bá mú wa, a ó ní nǹkan mìíràn la sọ. Ohun tí mo gbójú lé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni mo wà o! Àwọn tó wà níwájú mi, ìlù ni wọ́n fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọwọ́. Bí mo ṣe lù ú lẹ́ẹ̀kejì, mo rí bàbá àgbà kan tó dúró nídìí òpó iná, ó mi orí, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ ilé.

Ọmọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì gun àga. Ó pariwo pé, "Owó oúnjẹ la fi ra tíkẹ́ẹ̀tì!"

Bó ṣe di orin nìyẹn. Wọ́n gbé e lé ìlù tí mo ti fún wọn, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe lù ú. Èmi á ní ebi ló ń pa yín, àwọn á ní owó oúnjẹ la fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ mi ò tètè dúró, torí ọwọ́ onílù máa ń bá orin lọ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Nígbà tí mo dúró, wọ́n ń bá a lọ láìsí mi. Omi ló tẹ̀lé e. Àga ló tẹ̀lé omi.

Bọ́ọ̀sì wa wà láàrin èrò, lápá ọ̀tún ìtàgé, awakọ̀ wa sì ti bọ́ọ̀lẹ̀ lọ wòran. A fo ògiri ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ àga ràbà gé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹlẹ́gbè wa lókè ojú, wọ́n ní láti rán an lọ́jọ́ kejì. Kíbọ́ọ̀dù lọ, máìkì méjì lọ. Inú ọgbà ìyá kan la bọ́ sí. Ìyá náà jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó tan iná yí wa ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mọ́kànlá nínú aṣọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ pupa, a dúró lórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló kú?"

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà la gbọ́ òótọ́. Olórin náà kò jáde nílé lọ́jọ́ yẹn. Owó tó kù tí wọ́n jẹ ẹ́ kò wọlé, máníjà rẹ̀ sì ti sọ láti àárọ̀ pé àwọn kò ní wọ ọkọ̀ àfi bí owó bá wọlé. Ọkùnrin tó pè wá ń retí pé owó ẹnu ọ̀nà ni òun máa fi san án. Owó ẹnu ọ̀nà dé, ó gbé e, ó gba ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí à ń fo ògiri, ó ti tó wákàtí kan tó ti lọ. Fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́ títí di òní.

Mo gbé gángan lọ bá bàbá mi l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọmọ Àyàn ni wọ́n, wọn kò fẹ́ràn kí n máa bá ẹgbẹ́ jùjú kiri, ṣùgbọ́n wọ́n gba ìlù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n tú ọsán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àtàńpàkò tẹ awọ tó ti rọ̀ náà. Wọn ò wojú mi.

"Kí lo fi í sọ?"

Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

"Ìwọ ọmọ yìí. Ẹnìkan ti pè mí láti Ìbàdàn kó o tó dé."

Mo wá sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ká ọsán, wọ́n ń kà á bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

"Ta ló gba owó wọn?"

"Ọkùnrin tó ṣètò eré náà ni, bàbá."

"Ta ni o wá bú?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n dá ìlù padà fún mi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò gba kọ́bọ̀, ìyẹn sì dùn mí ju kí wọ́n gba owó lọ.

Ó pẹ́ kí ìbéèrè yẹn tó kúrò lórí mi. Ẹni tó dúró sábẹ́ iná lèrò ń rí, òun ni wọ́n sì máa ń bá wí. Kódà bí ìbínú kò bá tiẹ̀ kàn án rárá. Ní ọdún 1978, Fẹlá lọ ṣeré ní Accra. Ìjà ìgboro bẹ́ nígbà tó ń kọ Zombie, orin tó fi ń fi àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀sín, nígbà tó jẹ́ pé ṣọ́jà ló ń ṣèjọba Ghana. Fẹlá kọ́ làwọn èèyàn ń bá jà. Òun náà ni wọ́n sì sọ fún pé kó má wọ Ghana mọ́.

Ibì kan wà tí wọ́n ti sọ híhó lé olórin lórí di òfin. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé New York mú mi lọ sí gbọ̀ngàn eré Apollo ní Harlem, lójú pópó 125, nígbà tí ẹgbẹ́ wa lọ ṣeré ọjọ́ ìbí kan níbẹ̀. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti ń ṣe alẹ́ àwọn ọ̀jẹ̀-wẹ́wẹ́, ní ọjọ́rú. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin yóò kọ́kọ́ fọwọ́ pa kùkùté igi kan tó wà létí ìtàgé kó lè ṣoríire. Bí orin rẹ̀ kò bá wọ èrò lára, wọ́n á hó, ọkùnrin kan á sì jáde wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀, yóò gbá a kúrò bí ìdọ̀tí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ibẹ̀ ni wọ́n ti hó lé Lauryn Hill, olórin Amẹ́ríkà, lórí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13. Mo jókòó síbẹ̀, àyà mi ń já ní gbogbo ìgbà tí ohùn èrò bá yí padà, ọwọ́ mi ń wá ìlù tí kò sí lábíyá mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ju nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n gbá kúrò rẹ́rìn-ín, ó juwọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹlòmíràn jẹ níbẹ̀: ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rí.

Mo padà sílé, mo sì tún ṣe àṣìṣe mìíràn. Ọdún 2013, èmi ti di ọ̀gá ẹgbẹ́ tèmi. Ọjọ́ ìlú kan ni, mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Àwọn àgbà àti àwọn olóṣèlú jókòó sórí àga níwájú lábẹ́ kánópì, àwọn ọ̀dọ́ dúró lẹ́yìn okùn nínú oòrùn. Olóṣèlú kan wọlé, ó pẹ́ kó tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: owó tuntun ní òórùn kan, bó bá ń bọ́ lé ọ lójú, o ò ní rí ohunkóhun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kì í, mo kì bàbá rẹ̀, mo ní ìlú ń dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ìlú náà kò tíì gba owó oṣù fún ìgbà pípẹ́, pé ọmọ àwọn olùkọ́ ló pọ̀ jù lẹ́yìn okùn. Ó yẹ kí n béèrè. Ìyá olóńjẹ tí a jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ì bá ti sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọn kò ju nǹkan kan. Wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Ọ̀kan, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, títí gbogbo ẹ̀yìn okùn fi di kìkì ẹ̀yìn orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, mo ti jẹ píọ̀ wọ́tà, mo sì ti rí ẹ̀yìn orí, píọ̀ wọ́tà yá jù. Mo dá ìlù dúró. Mo ní ẹ má bínú, àlejò ni mí, mo sọ ohun tí n kò mọ̀. Ẹnìkan dáhùn láìyíjú pé, "O ṣì ní owó rẹ̀ níwájú orí." Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, òógùn ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi kò pa ìbínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ká kó ẹrù wa láìfọwọ́ kan wa. Ọ̀tẹ̀ yìí, bọ́ọ̀sì kọjú sí títì, awakọ̀ wà nídìí sítíárì. Ó kéré tán, mo ti kọ́ ìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti òde àna mi. Ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, mi ò lè sọ ọ́ síbí.

Bí wọ́n bá pè mí sí eré gbangba báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi kì í ṣe iye tí wọ́n máa san fún mi. Mo máa ń béèrè ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, bóyá wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán, mo sì máa ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ fúnra mi. Ọ̀pọ̀ a máa bínú pé kí ló kàn mí níbẹ̀. Mo sì máa ń bá MC ṣàdéhùn kí iná tó tàn: bó bá purọ́ nínú máìkì tí ẹgbẹ́ mi wà nítòsí, a ó sọ ìlù kalẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Orin wákàtí mẹ́ta wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Gángan mi ní àpò tí omi kì í wọ̀, èmi fúnra mi kò ní. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi kì í lu nǹkan kan ní wákàtí àkọ́kọ́, ẹ̀yìn èrò ló máa ń dúró sí, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ síra wọn. Àwọn tó kù ń ráhùn pé iye kan náà ni mò ń san fún un. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bi obìnrin tí wọ́n rán lókè ojú.

Lọ́dún tó kọjá, a lọ ṣe ìkómọ kan lágbègbè Òkè-Àdó. Òwúrọ̀ ni, ìlù wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí wàhálà. Ọkùnrin kan tó ti ń hu irun funfun díẹ̀ gba iwájú mi kọjá pẹ̀lú àwo ìrẹsì, ó sì ń fi ẹnu lu nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀mí. Ó kọjá, ó padà, ó tún fi ẹnu lù ú. Ìgbà kejì ni mo tó gbọ́ ọ. Kọ̀ǹgọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Èmi ni mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì."

Kí n tó mọ ohun tí n máa sọ, ó ti yíjú sí àwọn tó ń bu oúnjẹ, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ẹ tètè fún onílù lóńjẹ o! Ebi ló ń pa á, kì í ṣorin."

Wọ́n gbé àwo wá. Mo sọ ìlù kalẹ̀, mo jẹun.